Gìtá béèsì: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ní in mọ̀ nípa rírà, àtúnṣe àti títa rẹ̀

Àwọn àgbà ní tẹni ni tẹni, tàkísà ni ti ààtàn. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gìtá béèsì ní Mọ́níyà àti agbègbè rẹ̀ n'Ìbàdàn mu gan-an. Kò sí ọjọ́ Àìkú tí wọn kì í ta á nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí wọn bí ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ìsọmọlórúkọ bá wà, àmọ́ gìtá tí wọ́n ń tà kì í ṣe tiwọn. Ìjọ ló ni ín, ìjọ ló sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń tì í mọ́. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá kó kúrò ládùúgbò, tàbí tí ìjọ bá rí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ta jù ú lọ, iṣẹ́ tó fi ọdún mélòó kan kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé kò ní ohun tí yóò fi máa dán an wò nílé.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe olórin tó ń fi orin jẹun. Tíṣà wà nínú wọn, wẹ́dà wà níbẹ̀, télọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Mọ́níyà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976. Ojú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ló wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ti yà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun láti Èkó wá sí ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà ní Mọ́níyà, ọ̀nà àtilọ wo ọjà gìtá l'Ékòó tún ti pọ̀ sí i. Ìṣòro tó kù ni pé ọ̀pọ̀ ló ń ra gìtá láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ra olówó pọ́ọ́kú, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, yóò gbádùn rẹ̀ ju ẹni tó ra olówó ńlá tí kò mọ ìdí rẹ̀ lọ. Èyí tó tún wá burú jù ni pé àìmọ ọ̀rọ̀ iná tó wà lára rẹ̀ lè mú ẹ̀mí lọ.

Ohun tí gìtá béèsì jẹ́

Gìtá béèsì jẹ́ gìtá tó ń lo iná, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ti gìtá olókùn mẹ́fà lọ. Okùn mẹ́rin ló sábà máa ń ní. Láti orí èyí tó nípọn jù dé orí èyí tó tín-ín-rín jù, orúkọ wọn ni E, A, D àti G. Orúkọ yìí náà ni okùn mẹ́rin tó nípọn jù lára gìtá olókùn mẹ́fà ń jẹ́, àmọ́ ti béèsì fi odindi dò-dé-dò kan rẹlẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá ta okùn E láìtẹ̀ ẹ́, ó máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, A ń gbọ̀n ní ìgbà 55, D ní nǹkan bí ìgbà 73, G ní ìgbà 98. Béèsì olókùn márùn-ún tó wọ́pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lóde òní ní okùn B lábẹ́ E, òun sì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31.

Kí béèsì oníná tó dé, béèsì onígi ńlá tí wọ́n máa ń gbé nàró ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ń lò, kódà àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù ilẹ̀ wa lò ó. Ó tóbi, ó ṣòro láti gbé rìn, ariwo ìlù àti fèrè sì tètè máa ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láàrin ọdún 1930 sí 1939, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Tutmarc ṣe béèsì oníná tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, àmọ́ kò tàn kálẹ̀. Leo Fender, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ California, ló gbé èyí tó gbilẹ̀ jáde lọ́dún 1951. Precision Bass ló pe orúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi dábùú ọrùn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì, ń jẹ́ kí ohùn bọ́ sí ojú ibi tó yẹ gan-an. Lọ́dún 1960, ó tún gbé Jazz Bass jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú béèsì tó wà lọ́jà lónìí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n wò ṣe é.

Leo Fender fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni, ọdún 1938 ló dá ilé iṣẹ́ ìtún-rédíò-ṣe rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí béèsì rẹ̀ fi rí bí ohun tí èèyàn lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò: ìdè ni wọ́n fi de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara, wáyà inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tó bá lè tún rédíò ṣe ní Mọ́níyà lè tún inú gìtá béèsì ṣe.

Iṣẹ́ tí béèsì ń ṣe kò ṣàjèjì sí Yorùbá

Kí gìtá béèsì tó wọ orin wa, agídìgbo ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Agídìgbo ni àpótí onígi tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ lójú, tí wọ́n ń fi ìka ta. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì ń so ìlù pọ̀ mọ́ orin. Tí Yorùbá bá sọ pé bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tí béèsì ń ṣe lónìí náà ló fara pẹ́ ẹ: ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ń yin orin, àmọ́ bí ó bá dákẹ́, gbogbo wọn ni yóò mọ̀ pé nǹkan ti yingin. Adéolú Akínsànyà àti ẹgbẹ́ Rio Lindo rẹ̀ lo agídìgbo, Hárúnà Ìṣọ̀lá náà sì lò ó nínú àpàlà.

Nínú orin jùjú, tí Túndé King jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin ọdún 1930 sí 1939, gìtá tí kò lo iná ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1949, Àyìndé Bákárè bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá oníná. Nígbà tí Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ lọ́dún 1964, tí Sunny Adé sì dá Green Spots sílẹ̀ lọ́dún 1967, gìtá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ jùjú. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1970 sí 1979, béèsì oníná ti di ara òpó tí orin jùjú dúró lé, bó sì ṣe rí nínú afrobeat Fẹlá Aníkúlápó-Kútì náà nìyẹn, níbi tí béèsì ti lè máa pe gbólóhùn kúkúrú kan náà fún ìṣẹ́jú gbọọrọ láìyẹsẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti wọ orin ẹ̀mí, tó sì di ohun tí ìjọ kékeré pàápàá ń wá.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó rà á

Tuntun wà, tòkunbọ̀ náà wà. Orúkọ tí wọ́n kọ sí orí gìtá kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣe ni pé kó gbé e sókè, kó fojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí káfíńtà ṣe máa ń wo pákó. Ọrùn lè tẹ̀ díẹ̀ síwájú, ìyẹn kò burú, ó ṣeé tún ṣe. Àmọ́ bí ó bá lọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan ga ju ìkejì lọ, kó dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn èyí, kó tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní gbogbo fírẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ibi tí ohùn bá ti kú tàbí tó ń dún gíírígíírí ni kó fi ọkàn sí. Kó wọn okùn láti egungun òkè, ìyẹn egungun pẹlẹbẹ tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn, dé orí bíríìjì, níbi tí okùn dúró lé nísàlẹ̀. Íǹṣì 34 ni ti béèsì tó wọ́pọ̀ jù. Fírẹ́ẹ̀tì kejìlá gbọ́dọ̀ wà láàrin gbùngbùn, ní íǹṣì 17. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ṣe gìtá náà ti ṣìṣe, kò sì sí àtúnṣe tó lè mú kí ohùn rẹ̀ bá ti kíbọ́ọ̀dù mu.

Ní ti ámúpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ewu ńlá kan wà lára tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá. Iná fóòtì 120 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, nígbà tí tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹni tó bá kì í bọ iná ilé láìlo tírańsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ lè jó o lọ́jọ́ tó rà á gan-an. Ẹ̀yìn ámúpílífáyà ni wọ́n máa ń kọ iye fóòtì rẹ̀ sí. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo sípíkà ló lè gba ohùn béèsì. Sípíkà rédíò ilé kì í pẹ́ ya bí wọ́n bá fi béèsì sí i.

Igi, ọyẹ́ àti òjò

Igi ni béèsì, igi sì ń mu omi, ó sì ń gbẹ. Okùn mẹ́rin tí wọ́n fà le lára rẹ̀ ń fa ọrùn náà síwájú pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 70. Ohun tó ń bá ọrùn jà padà ni ọ̀pá irin kan tí wọ́n rì sínú rẹ̀. Nígbà òjò, igi á fa ọ̀rinrin mu, ọrùn á sì yí ìrísí rẹ̀ padà. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á gbẹ, á sún kì, etí fírẹ́ẹ̀tì á sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn débi pé ó lè ya èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń gbé n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ wo ọrùn gìtá rẹ̀ ní ìgbà méjì lọ́dún ó kéré tán: bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti bí ọyẹ́ bá wọlé. Kò dára kí wọ́n fi gìtá sínú búùtù mọ́tò nínú oòrùn, kò sì dára kí wọ́n fi ti ara ògiri tí òjò ń rin.

Igi tí wọ́n fi ń ṣe gìtá olówó iyebíye kò jìnnà sí wa. Igi afàrà, tí àwọn oníṣòwò pákó mọ̀ dáadáa, ni àwọn aṣegìtá Amẹ́ríkà ń pè ní korina, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní limba. Òun ni ilé iṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer lọ́dún 1958, àwọn gìtá tí àwọn olùkójọ ń fi owó tabua rà lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ara béèsì tuntun lè wá irú igi bẹ́ẹ̀ dé ọjà pákó Bódìjà, àmọ́ kó rí i pé ó ti gbẹ dénú. Pákó tútù yóò lọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́, òfò ni yóò sì já sí.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Ọ̀pọ̀ gìtá tí wọ́n ń pè ní aláìdára kò ní àrùn kankan ju pé wọn kò tò ó lọ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìtò yìí, wọ́n sì ní láti tẹ̀lé ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni ọrùn. Bí okùn bá wà ní ohùn tó yẹ kó wà, kí wọ́n fi ìka kan tẹ okùn E mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní, kí wọ́n fi ìka mìíràn tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti bá ara pàdé, kí wọ́n wá wo àárín, ní nǹkan bíi fírẹ́ẹ̀tì keje. Àlàfo tó wà láàrin okùn àti irin fírẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kíki káàdì ìpè kan lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi alẹ́ńkíì tó bá ọ̀pá irin inú ọrùn mu yí i sápá ọ̀tún. Bí kò bá sí àlàfo rárá, kí wọ́n yí i sápá òsì. Ìdá mẹ́rin yíyípo kan péré ni kí wọ́n yí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì fún igi ní àyè kó tó tún di pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fi agbára yí i lè já a, ọrùn tuntun ló sì kù tó máa wá.

Ìkejì ni gíga okùn. Kúkúrú ìdè tó wà lára bíríìjì ni wọ́n fi ń gbé okùn sókè tàbí sílẹ̀. Mìlímítà 2 sí 3 lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá tó ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ó bá ga jù, ọwọ́ á máa dun ẹni tó ń tà á. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, okùn á máa lu fírẹ́ẹ̀tì.

Ìkẹta ni gígùn okùn. Kí wọ́n fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí wọ́n ta á, kí ohùn rẹ̀ jáde bí agogo, kí wọ́n wá tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì náà gan-an kí wọ́n tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ohùn títẹ̀ bá ga jù, kí wọ́n sún ìjókòó okùn lórí bíríìjì sẹ́yìn kí okùn gùn sí i. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, kí wọ́n sún un síwájú. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ohùn wò wà lórí fóònù báyìí, ó sì mú iṣẹ́ yìí rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Okùn béèsì wọ́n, ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣọ́ owó ná fi máa ń sè é. Bí okùn bá ti kú lóhùn nítorí òógùn àti ìdọ̀tí, wọ́n á tú u, wọ́n á sè é nínú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á nù ún gbẹ dáadáa, wọ́n á sì dá a padà. Ohùn rẹ̀ á tún mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó ṣe èyí rárá, aṣọ gbígbẹ tí wọ́n bá fi nu okùn lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ kó pẹ́ jù.

Àtúnṣe tó lérè àti èyí tó léwu

Òfin tó wà nínú àtúnṣe gìtá ni pé èyí tó ṣeé dá padà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n sì tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò sí ara gìtá kò lè gbẹ́ ẹ kúrò mọ́.

Ohun tí kò náni lówó tó sì lérè jù ni egungun òkè. Ike ni wọ́n máa ń fi sí ti gìtá olówó pọ́ọ́kú, ó sì tètè ń jẹ. Egungun màlúù dára jù ú lọ, kò sì wọ́n ní Mọ́níyà, nítorí pé ọjà màlúù Akínyẹlé wà nítòsí, ilé ìpẹran Amósùn náà sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Wọ́n á se egungun ojúgun kí ọ̀rá rẹ̀ kúrò, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi ayùn gé e, wọ́n á sì fi fáìlì gbẹ́ ojú ọ̀nà okùn sí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ní béèsì olókùn mẹ́rin, tó sì fẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti olókùn márùn-ún, kò ní láti ra òmíràn. Ó lè ra okùn olókùn márùn-ún, kó fi okùn G sílẹ̀, kó sì lo B, E, A àti D. Ojú ọ̀nà lára egungun òkè ní láti fẹ̀ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún ọrùn tò, nítorí pé agbára tí okùn fi ń fà á ti yí padà.

Ariwo húùù tó máa ń ti inú gìtá wá jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ń bá jà. Iná ilé wa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó súnmọ́ ohùn G, tó wà ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta lórí okùn E, tímọ́tímọ́. Ìdí nìyí tí ariwo náà fi ń wọnú orin bí ẹni pé ó jẹ́ ara rẹ̀. Píkọ́pù, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé wáyà mọ́ tó ń gbọ́ ohùn okùn, ló ń gbà á mọ́ra. Àwọn kan máa ń fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń dì oúnjẹ tẹ́ inú ihò gìtá, wọ́n á sì so ó mọ́ wáyà áàtì inú rẹ̀. Ó ń dín ariwo kù, bí bébà náà kò bá ti kan ojú ibi tí wọ́n lẹ wáyà ohùn mọ́.

Béèsì tó ní bátìrì fóòtì 9 nínú ń jẹ bátìrì ní gbogbo ìgbà tí wáyà bá wà ní ojú jáàkì rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ta á. Ẹni tó bá gbàgbé wáyà síbẹ̀ mọ́jú, kó má fi ẹ̀sùn kan ẹni tó ta bátìrì fún un.

Èyí tó léwu jù ni yíyọ fírẹ́ẹ̀tì kúrò kí ọrùn lè dán. Jaco Pastorius, ará Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 1987, ló sọ irú béèsì bẹ́ẹ̀ di olókìkí pẹ̀lú àwo rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1976. Àwo náà ni ọ̀dọ́mọdé kan ní Cameroon, Richard Bona, gbọ́ nílùú Douala tó fi yà sí ìdí béèsì. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Bona ti ń ṣe gìtá fúnra rẹ̀ nígbà tó kéré, táǹkì ọ̀kadà àtijọ́ ló ń na okùn lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ipa ọ̀nà yìí, kó wá ọrùn mìíràn tó ti bàjẹ́ fi kọ́ ọ, kó fi èyí tó fi ń jẹ́ ìpè ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Iná mànàmáná àti ẹ̀mí èèyàn

Wáyà kan wà tó ti abẹ́ bíríìjì wọ inú gìtá, òun ló so okùn mọ́ áàtì ámúpílífáyà. Bí áàtì bá wà, wáyà yìí ń dáàbò bo ẹni tó ń tà á. Bí kò bá sí, tàbí tí wọ́n gé ẹsẹ̀ áàtì lára púlọ́ọ̀gì, okùn béèsì lè di ojú iná. Bí ẹni náà bá wá fi ẹnu kan maikírófóònù tí wọ́n so mọ́ iná mìíràn, ara rẹ̀ ni iná yóò gbà kọjá. Lọ́jọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, báyìí ni Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, ṣe kú lójú agbo ní Swansea, nígbà tó fọwọ́ kan maikírófóònù tí áàtì rẹ̀ kò pé. Lọ́dún 1976, iná gbé Keith Relf, akọrin ẹgbẹ́ Yardbirds tẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń ta gìtá nínú ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú.

Nílẹ̀ wa, níbi tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ti ń gba iṣẹ́ ṣe nígbà gbogbo, tí wọn kì í sì í sábà rì irin áàtì fún un, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré. Ó yẹ kí gbogbo ẹ̀rọ orin, béèsì, kíbọ́ọ̀dù àti ti maikírófóònù, máa gba iná láti ojú kan náà tó ní áàtì. Kí àwọn akọrin tó gun pèpéle, kí wọ́n fi tẹ́sítà àwọn oníṣẹ́ iná kan okùn béèsì àti irin maikírófóònù. Bí iná bá tàn nínú tẹ́sítà náà, kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ, kí wọ́n pe oníṣẹ́ iná. Bí kò bá tilẹ̀ tàn, ìyẹn kò rọ́pò áàtì. Ẹni tí iná ń já jẹ ní ètè bó ṣe ń kọrin kò gbọdọ̀ rò pé ó mọ́ ọn lára, ìkìlọ̀ ni.

Etí náà wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé ariwo tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́, àti pé bí ó bá ti ń fi 3 lé sí i, ààbọ̀ àkókò náà ni kí èèyàn gé kúrò. Èyí já sí pé bí ariwo bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹni tó ń dúró níwájú sípíkà ńlá fún wákàtí mẹ́ta ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ń ta etí rẹ̀ lọ́pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ta á

Dò, re, mí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní àmì ohùn, tó tún wà nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń ta béèsì bá ti rí dò lórí okùn E, ní fírẹ́ẹ̀tì yòówù, fà wà lórí okùn A ní fírẹ́ẹ̀tì kan náà, sò sì wà lórí okùn A náà, ní fírẹ́ẹ̀tì méjì síwájú. Ìrísí yìí kì í yí padà. Bí akọrin bá gbé orin kúrò ní kíì F lọ sí G, kí oníbéèsì gbé ọwọ́ rẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì méjì síwájú, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ orin ìyìn ló jẹ́ pé ohùn mẹ́ta yìí ló gbé e dúró.

Lẹ́yìn ibi tí ohùn wà, àsìkò ló kù. Ẹsẹ̀ tí onílù fi ń tẹ ìlù ńlá ni kí béèsì máa bá rìn. Ẹni tó ń kọ́ ọ sábà máa ń fẹ́ kún gbogbo àlàfo, àmọ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ mọ̀ pé ibi tí béèsì bá ti dákẹ́ náà jẹ́ ara orin, pàápàá níbi tí gángan bá ti ń sọ̀rọ̀. Bí gángan ṣe ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, béèsì náà lè gbé gbólóhùn tí ohùn rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ orin mu, kí ìlà tó ń tà má baà da ọ̀rọ̀ rú mọ́ akọrin lẹ́nu.

Àìsí iná kò dá ẹ̀kọ́ dúró. Bí wọ́n bá fi orí gìtá ti ara ilẹ̀kùn tàbí kọ́bọ́ọ̀dù onígi, igi náà á gbé ohùn okùn jáde tó ẹni tó ń tà á, kò sì ní í dí àwọn ará ilé lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú ogún lójúmọ́ lọ́nà yìí sàn ju wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan lọ.

Ẹni tó bá ń gbé gìtá tirẹ̀ lọ ta nínú ìjọ tàbí ẹgbẹ́, kó kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀, kó tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó tó fi rà á, kó sì jẹ́ kí àwọn tó ń bójú tó ohun èlò mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tirẹ̀ ni. Ìjà tí wọ́n ti ń jà lórí ta ló ni gìtá ti tú ẹgbẹ́ akọrin ká rí. Kó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún, kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, nítorí ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.